Àlejò Ló Ni Pálọ̀, Ta Ló Ni Àwọn Ọmọ?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sábọ̀n Gàrí, ní Brigade, ní Badawa, ní Hotoro, àti níbi gbogbo tí ọmọ Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí ní Kánò, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ibi tí àwọn ọmọ wa ń sùn ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tí a lọ síbi ìkómọ kan ní àdúgbò wa níhìn-ín. Ilé “face-me-I-face-you” ni, yàrá kan àti pálọ̀. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Pálọ̀ náà dùn ún wò: àga kúṣìn mẹ́fà, rọ́ọ̀gì nílẹ̀, tẹlifíṣàn lára ògiri, fáànù lókè, fèrèsé méjì tó kọjú síta. A jẹ, a mu, a gbàdúrà fún ọmọ tuntun. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn kan nínú wa wọ yàrá wá wo ojú ọmọ.

Yàrá náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú àti 10 lóòró lọ. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, kọ́bọ́ọ̀dù ti dí i pa. Bẹ́ẹ̀dì bàbá àti ìyá gba ìdajì ilẹ̀. Wọ́n ká fóòmù tí àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù ń sùn lé, wọ́n gbé e ti ògiri. Àpótí wà níbẹ̀, báàgì Ghana-must-go wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti ìkòkò àsè wà níbẹ̀. Màmá àgbà tó wá láti Ọ̀ffà wá wẹ ọmọ náà ní ẹní tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí a ka iye wọn: bàbá, ìyá, ọmọ tuntun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta, àti màmá àgbà. Èèyàn méje nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Pálọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó ń dúró de àlejò.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí dàgbà, inú irú rẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wa sì ti tọ́ ọmọ tiwa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀ láti ọjọ́ náà: ta ni a ń tìtorí rẹ̀ háyà ilé gan-an? Àlejò tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń jókòó wákàtí kan, òun ni a fún ní yàrá tó dára jù. Ọmọ tó ń sùn wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, kọ̀rọ̀ ni a fi sí. Èrò tiwa ni pé kí a yí i padà. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ jù nínú ilé, àwọn ọmọ ló yẹ kó ni ín.

Ẹni tó bá ti gbé Kánò fún ọdún kan mọ bí ooru ibí ṣe rí. Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún, ooru ọ̀sán máa ń tó 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Páànù orí ilé àti ògiri búlọ́ọ̀kù á fa ooru náà mọ́ra lọ́sàn-án, wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ lóru. Yàrá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá á wá dà bí ààrò. Àgbàlagbà lè dìde kó lọ jókòó síta. Ọmọ oṣù méjì kò lè dìde. Igbe nìkan ló lè ké, àwa a sì ní inú ló ń run ún, a ó máa wá oògùn inú rírun kiri.

Ooru nìkan kọ́. Àsìkò yìí kan náà ni àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn onílùú ń pè ní sankarau, máa ń jà. Itọ́ àti omi imú ló ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, pàápàá láàárín àwọn tó jọ ń sùn fún ìgbà pípẹ́ nínú yàrá tó há. Eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ha ọ̀nà ọ̀fun, kòkòrò àrùn náà á sì ráyè wọlé. Àwọn àgbà Kánò kò tíì gbàgbé ọdún 1996. Lọ́dún náà, àwọn tí àrùn yìí mú ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 11,000. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní Nàìjíríà ní 2011, ti ṣẹ́gun ẹ̀yà A tó ṣọṣẹ́ ní 1996. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà C gbòde ní 2017, ó pa èèyàn tó lé ní 1,100 ní orílẹ̀-èdè yìí, Zamfara ló sì ti ṣọṣẹ́ jù. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ Men5CV, tó ń dènà ẹ̀yà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò ní kí a máa há ọmọ mọ́ kọ̀rọ̀. Ikọ́ ife, éèyi àti ọ̀fìnkìn náà ń fẹ́ràn yàrá tó há. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò wí: “Ṣé ẹ fẹ́ kí a máa gba àlejò lórí bẹ́ẹ̀dì ni? Kí ni àwọn àna wa yóò sọ?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Yorùbá kì í fi àlejò ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn baba wa ṣe gbé. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ àlọ́. Pálọ̀ tí a ń tọ́jú fún àlejò nìkan, a kò bá a lọ́wọ́ àwọn baba wa. Àlejò tó bá fẹ́ràn yín yóò jókòó sórí àga mẹ́ta bó ṣe ń jókòó sórí mẹ́fà. Èyí tí kò bá fẹ́ràn yín, àga ogún kò lè yí i lọ́kàn padà.

Ọ̀rọ̀ kejì le ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ ilé tí a ń kọ́ sí ìlú wa ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí kò rówó ra fóòmù tuntun níhìn-ín ló ní ilé oníyàrá mẹ́fà sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀ffà tàbí sí Ìwó. Ta ló ń gbé inú rẹ̀? Alángbá ni, àti ọmọ ìbátan kan tó ń bá wa ṣọ́ ọ. A mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù ní oṣù Keje ọdún 1999 dé Kánò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti ọdún 2004 náà kò tíì kúrò lọ́kàn ẹni tó fojú rí i. Ẹni tó ti fi báàgì kan ṣoṣo sá lọ sí bárékè rí, ara rẹ̀ kò ní yá láti kan pákó mọ́ ògiri onílé. A kò fi ẹ̀rù yẹn ṣe ẹlẹ́yà rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ọdún 1911 ni rélùwéè dé Kánò, òun ló sì gbé púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa wá. Wọ́n ní ọdún méjì ni àwọn yóò lò. Ọmọ wọn ní òun kò ní pẹ́ padà. Àwa ọmọ ọmọ wọn rèé, a ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ kọ́ ilé sílé, ó dára, ẹni tó bá sọ ilé nù ti sọ àpò ìyà kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń làágùn nínú kọ̀rọ̀ lónìí kò ní padà di ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́jọ́ tí a bá ṣílé ní Ọ̀ffà. Ìgbà ọmọdé kì í dúró de òrùlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí a fẹ́ dábàá wọ̀nyí ṣeé kó lọ. Nẹ́ẹ̀tì ṣeé ká, fóòmù ṣeé dì, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ṣeé tú. Pípààrọ̀ yàrá kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìkómọ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ tuntun wà nínú yàrá. Kí àwọn ọmọ mẹ́ta àti màmá àgbà kó bọ́ sí pálọ̀. Kí á kó àga mẹ́ta kúrò nínú mẹ́fà, kí á tà wọ́n, kí á fi owó rẹ̀ ra fóòmù àti nẹ́ẹ̀tì. Èèyàn méje ti di mẹ́ta níbì kan àti mẹ́rin níbì kejì. Bí ọmọ tuntun bá ti pé nǹkan bí ọdún kan, òun náà á bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Pálọ̀ ti di yàrá ọmọ nìyẹn, àlejò ṣì lè jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Fèrèsé ni kí á kọ́kọ́ mójú tó. Kí á gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lójú rẹ̀. Kí á kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn kí ẹ̀fọn má bàa wọlé. Bí fèrèsé bá kọjú sí ilẹ̀kùn, kí á ta kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹnu ọ̀nà lálẹ́ dípò kí á tì í gbọin, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò bá rí ibi jáde kò ní wọlé. Ẹni tí ẹ̀rù olè ń bà lè fi irin sí i, kò burú. Ṣùgbọ́n bí irin náà bá ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí àgbàlagbà yóò ti nawọ́ mú un nínú òkùnkùn. Ọjọ́ tí iná bá sọ kọ́ ni à ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ tuntun ló tẹ̀ lé e. Ó dára kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ó kéré tán, ṣùgbọ́n kó ní ibùsùn tirẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè kan bẹ́ẹ̀dì kékeré onígi fún un. Kí àlàfo àárín igi kan sí èkejì má fẹ̀ tó ohun tí agolo mínírà lè gbà kọjá, kí orí ọmọ má bàa há síbẹ̀. Kí fóòmù rẹ̀ le díẹ̀, kó kún inú bẹ́ẹ̀dì náà dáadáa. Kí á tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, kó kọjú sókè, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ tó wúwo. Àwọn ìyá wa àgbà yóò jiyàn, wọ́n á ní ọmọ tí kò dojú bolẹ̀ kì í sùn dénú. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde fún àwọn òbí ní 1994 pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kú lójú oorun láìsí àìsàn kankan dín kù tó ìdajì láàárín ọdún díẹ̀.

Fún àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú, fóòmù méjì sàn ju ọ̀kan tí gbogbo wọn yóò há lé lórí. Bí ọ̀kan náà la bá ní, kí ẹnì kan kọ orí síbi tí èkejì kọ ẹsẹ̀ sí, kí ẹnu wọn má bàa kọjú síra. Bí káfíńtà bá fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì olókè àti ìsàlẹ̀, irú ti ilé ìwé, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà má ṣe sùn lókè, kí igi ìdènà wà níbẹ̀, kó sì jìnnà sí fáànù orí àjà. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí ìjọba ń pín, kí á kọ́kọ́ ta á síbi ìbòòji fún ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, kí á so ó mọ́ ìṣó mẹ́rin, kí á fi etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù. Bí a bá fọ̀ ọ́, kí á má sá a sí oòrùn, oògùn ara rẹ̀ yóò tètè kú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi nẹ́ẹ̀tì yìí sọgbà ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ kì í ṣe ibà o.

Bí ọkùnrin àti obìnrin bá wà nínú àwọn ọmọ, kọ́tìnì kan láàárín yàrá ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí á dúró di ìgbà tí ọmọbìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tijú kí á tó mọ̀ pé ó ti dàgbà. Kí àpótí aṣọ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kọ́bọ́ọ̀dù tó bá ga, kí á fi irin dè é mọ́ ògiri, ọmọdé fẹ́ràn láti pọ́n ọn. Kẹrosíìnì, oògùn apakòkòrò àti kẹ́ẹ̀gì epo kò ní nǹkan ṣe nínú yàrá ọmọ. Kí á fi ọ̀dà funfun tàbí èyí tó mọ́ kun ògiri, yàrá kékeré á dà bíi pé ó fẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ tó ń ṣí ńkọ́? Kí á fi omi rẹ ẹ́ kí á tó há a kúrò, kí ọmọ má sì sí nítòsí, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀. Òjé kan náà ló pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Zamfara ní 2010, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi ìwakùsà ni tọ̀hún ti wá.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé fò. Láti ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, kì í ṣe gbogbo ilé ló ń tan án mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tan án, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé e sí nítorí olè. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró tí a kò lè rí, tí a kò sì lè gbóòórùn rẹ̀, ó sì lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Bákan náà ni èédú tí a ń dá sínú yàrá nígbà ọyẹ́. Bí a bá ṣí fèrèsé fún ọmọ, tí aládùúgbò wa gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé náà, ikú ni a ṣí ilẹ̀kùn fún. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ayálégbé inú ọgbà kan jókòó, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò máa wà, kó jìnnà sí fèrèsé gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yin onílé wa, a kò gbàgbé yín. Púpọ̀ nínú yín jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ibi ìkẹ́rùsí tí ẹ sọ di yàrá tí ẹ ń gba owó lé lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lu fèrèsé sí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, abọ́ oníke tí à ń pín níbi ìkómọ ti kún ilé gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí á máa dáwó ra nẹ́ẹ̀tì, fóòmù kékeré tàbí bẹ́ẹ̀dì ọmọ fún ìyá ìkókó. Bí ọmọ kan bá kúrò nínú rẹ̀, kí ọmọ mìíràn bọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, kí a tó dìde, a fa bàbá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rò ó. Màmá àgbà tó jókòó sítòsí ló dá wa lóhùn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, pálọ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ ti ń sùn láti ìjẹrin tí ooru yìí ti le. Bí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, a ó kó fóòmù jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti ká a padà, kí àlejò má bàa bá a níbẹ̀.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ìyá arúgbó ti mọ ohun tó tọ́, ojú àlejò ni kò jẹ́ kó ṣe é ní gbangba. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ kí á yéé tijú. Lálẹ́ òní, ẹ gbé fóòmù náà jáde. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àlejò tó bá dé, ẹ wí fún un pé yàrá àwọn ọmọ ló jókòó sí.

Olúwa kò ní jẹ́ kí á sin ọmọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.